Ọ̀sẹ̀ Àkọ́rọ̀ Òjò ní Ọ̀fà

A máa ń gbọ́ pé bí Gẹ̀ẹ́sì méjì bá pàdé, tí wọn kò sì mọ ohun tí wọn ì bá sọ fún ara wọn, ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ni wọn yóò mú bọ ẹnu. Lọ́dọ̀ tiwa ní Ọ̀fà, ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Bí àgbẹ̀ méjì bá dúró lẹ́bàá ọ̀nà ní oṣù Igbe, tí wọ́n gbójú sókè, tí ọ̀kan wí pé, "Ó jọ pé yóò rọ̀," tí èkejì sì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó fèsì, kì í ṣe pé wọ́n ń wá ọ̀rọ̀ sọ. Owó irúgbìn ni wọ́n ń sọ. Owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ni wọ́n ń sọ, àti bóyá wọn yóò tún lọ bẹ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ fún ẹ̀yáwó kí oṣù kẹfà tó wọlé.

Ìlú wa kò sí nínú igbó kìjikìji bí Oǹdó, kò sì sí nínú pápá gbalasa bí Sókótó. Inú ọ̀dàn ni ó wà, ní ìwọ̀n 8 ó lé díẹ̀ sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì, afẹ́fẹ́ tí ó ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá ni ó ń jọba lórí wa. Ọyẹ́ nìyẹn, tí í gbẹ, tí í mú ètè ya, tí í gbé eruku wá láti ọ̀nà jíjìn, pàápàá láti ilẹ̀ títẹ́jú Bodélé ní orílẹ̀-èdè Ṣáàdì. Nígbà tí ó bá di oṣù kẹta, afẹ́fẹ́ kejì, tí ó ti orí òkun Àtìláńtíìkì wá láti ìhà gúúsù òun ìwọ̀-oòrùn, a bẹ̀rẹ̀ sí í tì í padà. Ibi tí àwọn méjèèjì ti ń pàdé kò dúró sójú kan. Ní oṣù kìn-ín-ní, kò jìnnà sí etíkun. Ní oṣù kẹjọ, ó ti dé nǹkan bí ìwọ̀n 20 sí àríwá, nínú aṣálẹ̀ gan-an.

Ìlú tí a mọ̀ mọ́ ìjàkadì ni Ọ̀fà. N kò sì mọ àpèjúwe tí ó dára ju ìjàkadì lọ fún ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lókè orí wa ní oṣù kẹta àti oṣù kẹrin. Lónìí, afẹ́fẹ́ òkun ni ó borí. Lọ́la, ti aṣálẹ̀ tún ti yí i dànù. Àgbẹ̀ tí ó bá gbin àgbàdo ní ọjọ́ tí ti òkun borí, tí ti aṣálẹ̀ sì padà gba ilẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, èèrà ni yóò jẹ irúgbìn rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí ní ọdún 1983, nígbà tí ọ̀dá mú púpọ̀ nínú Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí iná igbó sì jó oko kòkó run káàkiri. Láti ìgbà náà ni n kò ti lè fi ojú yẹpẹrẹ wo ojú ọ̀run tí ó bá funfun gbòò.

Ní oṣù Igbe ọdún tí ó kọjá, mo gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan, mo sì lọ lò ó nílé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí ó fi ọdún mọ́kànlá jù mí lọ, ní oko éékà méjì lọ́nà Ìpéè. Àpò irúgbìn àgbàdo kan wà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀. Owó ẹgbẹ́ ni ó fi rà á. Bí ó bá bàjẹ́, kò sí òmíràn. Gbogbo ẹni tí ó bá yà kí wa ní agboolé ni ó ń béèrè ohun kan náà: ṣé òjò ti dé ni, tàbí ó kàn ń yọjú?

Ní Ọjọ́ Ajé, ojú ọ̀run mọ́ kedere láàárọ̀. Nígbà tí oòrùn fi kàn àtàrí, àwọn ìkùukùu kéékèèké ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, wọ́n funfun bí òwú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ̀n, ìsàlẹ̀ gbogbo wọn sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹni pé ọ̀bẹ ni a fi gé e. Nígbà tí ó fi di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, kò sí ẹyọ kan mọ́. "Òwú lásán ni," ni ẹ̀gbọ́n mi wí nígbà tí mo pè é wá wò ó. Kò tilẹ̀ gbójú kúrò nínú ìsaasùn ọbẹ̀ rẹ̀.

Òótọ́ ni ó sọ, ṣùgbọ́n òwú lásán yìí gan-an ni ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo òjò. Omi wà nínú afẹ́fẹ́ tí a ń mí sínú, bí a kò tilẹ̀ rí i. Ẹni tí ó bá gbé ìgò omi tutù jáde láti inú fíríìjì, tí ó gbé e sórí tábìlì, yóò rí i pé ara ìgò náà bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Omi inú ìgò kọ́ ni ó jò. Omi inú afẹ́fẹ́ ni ó kan ohun tutù, tí ó sì padà di omi tí ojú ń rí. Ìwọ̀n omi tí ó lè wà nínú afẹ́fẹ́ gbígbóná láìfarahàn pọ̀. Bí afẹ́fẹ́ náà bá tutù, ìwọ̀n yìí a dín kù, èyí tí ó bá ṣẹ́kù a sì di ìkán. Oòrùn ń mú ilẹ̀ gbóná, ilẹ̀ ń mú afẹ́fẹ́ tí ó sún mọ́ ọn gbóná, afẹ́fẹ́ náà a fúyẹ́, a gbéra sókè. Bí ó ti ń gòkè, ẹrù afẹ́fẹ́ tí ó ń tẹ̀ ẹ́ ń dín kù, òun náà a sì máa fẹ̀. Fífẹ̀ yìí ni ó ń mú un tutù, ní nǹkan bí ìwọ̀n 10 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Ní irú ọ̀sán gbígbóná bẹ́ẹ̀, bí ó bá gun òkè tó kìlómítà kan tàbí kan àbọ̀, ó ti tutù débi tí omi inú rẹ̀ yóò fi fara hàn. Ìdí nìyẹn tí ìsàlẹ̀ ìkùukùu fi ń tẹ́ pẹrẹsẹ: ojú ìwọ̀n kan náà ni gbogbo wọn ti kan ààlà.

Síbẹ̀, omi kì í ṣàdédé di ìkán lófuurufú. Ó ń fẹ́ ohun tí yóò bà lé. John Aitken, ọmọ ilẹ̀ Skọ́tíláǹdì, fi èyí hàn ní àwọn ọdún 1880: bí a bá sẹ́ gbogbo eruku kúrò nínú afẹ́fẹ́, kùrukùru kì í fẹ́ yọ nínú rẹ̀. Eruku, èéfín igbó tí a dáná sun, iyọ̀ tí ìgbì òkun fọ́n sókè, gbogbo wọn ni omi ń fi ṣe ìjókòó. Ó dùn mọ́ mi láti mọ̀ pé eruku ọyẹ́ tí a ń nù kúrò lórí ìwé wa fún oṣù mẹ́ta lè wà nínú òjò tí a óò fi jẹ àgbàdo tuntun.

Ìkán inú ìkùukùu kéré jọjọ. Bí a bá to 50 nínú wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kò ju mìlímítà kan lọ. Ìkán òjò kan ṣoṣo tí ó fẹ̀ tó mìlímítà 2 nílò nǹkan bíi mílíọ̀nù kan irú wọn. Afẹ́fẹ́ tí ń gòkè sì ń gbé wọn dúró lókè. Ìkùukùu Ọjọ́ Ajé kò ga tó, kò sì pẹ́ tó kí ìkán rẹ̀ tó lè kó ara jọ. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ tí ó yí i ká ni ó mu ún gbẹ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni nǹkan ṣẹlẹ̀. Láti òru ni ooru ti ń mú wa, tí aṣọ ń lẹ̀ mọ́ ara. Lọ́sàn-án, orí ìkùukùu bẹ̀rẹ̀ sí í wú bí ọṣẹ tí ń hó nínú agbada, èyí tí ó yọ sókè a tún mú òmíràn jáde. Ní aago mẹ́rin, ìlà-oòrùn ti dúdú. Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan, tí ó ń ṣe olùkọ́ ní Òmù-Àrán, pè mí lórí fóònù. "Ẹ̀yin Ọ̀gá," ni ó wí, "òjò ti dé ọ̀dọ̀ wa o. Ẹ ní kí Màmá kó aṣọ wọlé." Mo wo aago: mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìrìn bíi kìlómítà 40 ni ó wà láàrin wa. Ní aago márùn-ún géérégé, ìjì gbé eruku dé ẹnu ọ̀nà wa, páànù kan sì ré kúrò lórí ilé ẹ̀yìnkùlé wa.

Ìlà-oòrùn ni òjò àkọ́rọ̀ ti ń wá bá wa. Gbogbo ọmọ tí ó dàgbà ní Ọ̀fà ni ó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti kà pé láti inú òkun, ní ìhà gúúsù òun ìwọ̀-oòrùn, ni omi òjò wa ti ń wá, ọ̀rọ̀ náà yóò rú u lójú. Báwo ni ohun tí ó ti Èkó bọ̀ ṣe wá gba ọ̀nà Òmù-Àrán wọlé? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ lé afẹ́fẹ́ ni ó wà lókè orí wa. Afẹ́fẹ́ olómi tí ó ti òkun wá kò nípọn ní oṣù kẹrin, kìlómítà kan àbọ̀ tàbí méjì ni. Lókè rẹ̀, afẹ́fẹ́ mìíràn ń fẹ́ láti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn, ó sì yára jù ní nǹkan bíi kìlómítà mẹ́ta sí mẹ́rin sókè. Ìkùukùu tí ó bá ga wọ inú afẹ́fẹ́ òkè yìí, ọ̀dọ̀ tirẹ̀ ni yóò máa gbà lọ. Omi òkun ni ó ń mu, ṣùgbọ́n ìlà-oòrùn ni ẹni tí ń dà á dúró sí.

Ohun mìíràn tún wà tí ó ń fún un lágbára. Ìyá tí ń rokà mọ̀ pé ooru tí ó bá fẹ́ sí ni lọ́wọ́ láti abẹ́ ọmọrí a máa bó ni ju omi gbígbóná lọ. Ìdí ni pé nígbà tí ooru omi bá padà di omi, yóò dá gbogbo agbára tí iná fi sè é padà. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí nínú ìkùukùu. Ìkán kọ̀ọ̀kan tí ó bá dì ń mú afẹ́fẹ́ tí ó yí i ká gbóná, afẹ́fẹ́ náà a tún sáré gòkè sí i, òmíràn a tún dì. Báyìí ni ìkùukùu kan fi lè ga tó kìlómítà 15. Bí ó bá sì ti kọjá kìlómítà márùn-ún tàbí díẹ̀ sí i, ibi tí omi ti ń di yìnyín ni ó wà. Bí ooru ṣe ń pa wá nílẹ̀ yìí, yìnyín kò ju ìrìn láti àárín ìlú dé oko lọ sí wa, bí ó bá ṣe pé òkè ni ọ̀nà oko wà.

Alfred Wegener, ará Jámánì, ni ó kọ́kọ́ fura sí iṣẹ́ tí yìnyín ń ṣe níbẹ̀, ní ọdún 1911. Tor Bergeron, ará Súwídìn, sì là á yé ni ní àwọn ọdún 1930. Nínú ìkùukùu gíga, ìkán omi tí kò tíì dì àti ègé yìnyín jọ ń gbé pọ̀. Yìnyín ni ó mọ ooru omi fà mọ́ra jù. Bí ó ti ń sanra ni ìkán omi tí ó wà nítòsí ń gbẹ. Bí ó bá wúwo tán, a jábọ́, a máa gbá àwọn yòókù mọ́ra, a sì yọ́ kí ó tó kanlẹ̀. Púpọ̀ nínú ọ̀wààrà òjò tí ń pa wá ní oṣù Igbe jẹ́ yìnyín tí ó yọ́ lójú ọ̀nà. Èyí tí kò ráyè yọ́ ni àwọn ọmọdé ń sáré ṣà lágbàlá. Ibi tí yìnyín ti ń gbá ara wọn lókè náà ni iná mànàmáná ti ń ṣẹ̀. Àrá sì ni ìró rẹ̀, tí í lo ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta kí ó tó rin kìlómítà kan. Àwọn tí í ya ìkán òjò ní ṣóńṣó lórí kò tíì rí i rí, nítorí pé ìkán ńlá tẹ́ nísàlẹ̀, ó sì yọ gọnbu lókè, bí àkàrà.

Òjò tí ń jábọ́ tún ń fa afẹ́fẹ́ tutù wá sílẹ̀. Bí èyí bá kanlẹ̀, a fọ́n ká, a sáré ṣíwájú òjò. Òun ni ìjì tí ó ká páànù aládùúgbò wa. Bí ó ti ń sáré lọ, ó ń rá sábẹ́ afẹ́fẹ́ olómi tí ó wà níwájú, ó ń tì í sókè, ìyẹn náà a sì di ìkùukùu tuntun. Ìdí nìyẹn tí òjò náà kò fi parí sí Ọ̀fà. Ó gba orí wa kọjá lọ sí ọ̀nà Ogbómọ̀ṣọ́.

Mo ti gbé agolo mílíìkì ńlá kan sí àárín àgbàlá. Nígbà tí òjò dá, lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú, mo fi rúlà wọn omi inú rẹ̀: mìlímítà 27. Ó lè dà bí ohun kékeré. Ṣùgbọ́n mìlímítà kan lórí ilẹ̀ tí ó jẹ́ mítà kan níbùú lóròó jẹ́ lítà kan, éékà kan sì lé ní mítà 4,000 bẹ́ẹ̀. Omi tí ó rọ̀ sórí oko ẹ̀gbọ́n mi, bí ó bá tó ti ilé, lé ní lítà 218,000. Ọkọ̀ omi ńlá tí í gbé lítà 10,000 yóò tó 22 lórí ìlà.

Ní Ọjọ́rú, kùrukùru bolẹ̀ láàárọ̀, gbogbo àdúgbò sì gbé ọkọ́. Ẹ̀gbọ́n mi lọ sí oko pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n kò gbé irúgbìn lọ. Ó wú ilẹ̀ ní ibi mẹ́ta. Ilẹ̀ náà tutù dé ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan. Lábẹ́ rẹ̀, ó gbẹ fọ́ọ́fọ́.

"Àjàní," ni ó pè mí, "òjò àná kò wọlẹ̀. Àgbàrá ni ó gbé e lọ. Ẹ lọ wo odò Ọ̀yún, ibẹ̀ ni ẹ ó ti bá a." Ó ti sọ mí di ẹlẹ́ni púpọ̀ láti ọjọ́ tí mo gba oyè ọ̀mọ̀wé, mo sì ti bẹ̀ ẹ́ títí kí ó fi í sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, gbogbo ènìyàn ni ó ń gbìn."

"Mo rí wọn. Ṣé àwọn ni ó ra ti èmi?"

Àjọ NiMet, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2003, máa ń gbé ìwé jáde lọ́dọọdún tí ó ń sọ ìgbà tí a retí kí òjò fìdí múlẹ̀ ní agbègbè kọ̀ọ̀kan. Mo sọ èyí fún un, n kò sì rí ẹ̀gàn kankan nínú èsì rẹ̀. Ó béèrè ọjọ́, ó fi í sọ́kàn, ó ní òun yóò tún bi ilẹ̀ léèrè. N kò fara mọ́ àwọn tí ń fi iṣẹ́ àjọ yìí ṣẹ̀sín nítorí pé òjò tí a wí kò rọ̀ sí ẹ̀yìnkùlé wọn. Ìwádìí lè sọ pé òjò yóò wà ní Kwárà. Kò sí ẹni tí ó lè dárúkọ oko.

Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì kò ní ìtàn púpọ̀. Afẹ́fẹ́ àríwá tún padà, ètè tún gbẹ, ojú ọ̀run funfun gbòò. Ìrì tí ó sẹ̀ ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ nìkan ni omi tí a rí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ níhìn-ín pé èdè wa kò kó gbogbo omi òkè pọ̀. Òjò a rọ̀, yìnyín a bọ́, ṣùgbọ́n ìrì a sẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ó rí ní tòótọ́, nítorí ìrì kò ti òkè jábọ́. Lórí koríko tí òru mú tutù ni ó ti ń dì, gẹ́gẹ́ bí òógùn ara ìgò. Lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, a tọrọ òjò. Ẹnì kan rántí àwọn tí a mọ̀ ní ayé àtijọ́ pé wọ́n ń mú òjò rọ̀, àti àwọn tí a ṣì ń gbà lónìí láti dá a dúró ní ọjọ́ ìnáwó. (Mo ti kíyè sí i pé oṣù kejìlá ni òkìkí àwọn wọ̀nyí ń kàn jù.) Kò yẹ kí a rò pé àwa nìkan ni èyí ń wù. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1946, ní Amẹ́ríkà, Vincent Schaefer gun ọkọ̀ òfurufú, ó sì da gáàsì kábọ́ọ̀nù tí a mú dì sínú ìkùukùu, ègé yìnyín sì bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́ láti inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun náà nílò ìkùukùu tí ó ti wà nílẹ̀. Ojú ọ̀run Ọ̀fà ní Ọjọ́ Ẹtì kò ní nǹkan kan nínú.

Òru Àbámẹ́ta ni òjò kejì dé. Kò mú ìjì púpọ̀ dání. Àrá sán fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó wá rọ̀ ní wọ́rọ́wọ́rọ́ láti aago mọ́kànlá títí di ìdájí. Ìrù òjò nìyẹn, ìkùukùu tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìjì ìwájú fi sílẹ̀ sẹ́yìn, tí ó tẹ́ bí ẹní, tí kì í kánjú. Mo dùbúlẹ̀, mo ń gbọ́ ọ lórí páànù, mo sì ń ronú lórí iṣẹ́ mi. Ní ọdún 1802, ní Lọ́ńdọ̀nù, apòògùn kan tí ń jẹ́ Luke Howard fún ìkùukùu ní orúkọ Látìnì tí gbogbo ayé ṣì ń lò. Yorùbá kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìkùukùu, àwọsánmà, òjò tí ó ṣú: ibẹ̀ ni a fẹ́rẹ̀ẹ́ parí rẹ̀ sí, sánmà gan-an, láti inú èdè Lárúbáwá ni a ti yá a. Òjò ni a fún lórúkọ. Àkọ́rọ̀ wà, àrọ̀kúrò wà. Wínníwínní wà, ọ̀wààrà wà, àrọ̀ọ̀dá wà. Howard ń wo òkè. Àwọn baba wa ń wo ohun tí ó kan ilẹ̀, wọ́n sì pín in gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ ti ṣe gbà á. N kò rò pé ìmọ̀ kan kéré sí èkejì, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí pé ìwé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ wa kò mẹ́nu ba èyí tí ó jẹ́ tiwa.

Mìlímítà 19 ni mo bá nínú agolo ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú. Kò tó ti Ìṣẹ́gun. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wú ilẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wọ ọ́ dé ìdajì apá, ẹrẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ọn láti òkè délẹ̀. Ó di erùpẹ̀ náà mú, ó tẹ̀ ẹ́, kò tú ká.

A gbé àpò irúgbìn náà sẹ́yìn ọ̀kadà. Nígbà tí a dé oko, mo bá àwọn ọmọ rẹ̀ gbin ebè mẹ́rin kí ẹ̀yìn tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, aládùúgbò tí ó gbìn ní Ọjọ́rú wá bá wa. Ó ti wú díẹ̀ nínú tirẹ̀ wò: èèrà ti kó òmíràn, òmíràn sì ti wú kí ó tó gbẹ. Ó ń béèrè bóyá irúgbìn yóò ṣẹ́kù. Ẹ̀gbọ́n mi wo àpò náà, ó wo ilẹ̀ tí ó kù, ó wọn kóńgò méjì fún un, ó ní kí ó dá a padà nígbà ìkórè.